Ojú ọ̀nà olókè láti Iléṣà dé Ìkógòsì: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Lásìkò ọdún Àjíǹde tó kọjá, èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì wa àti ìyá ìyàwó mi gbéra láti Ìbàdàn. Ètò wa ni pé ká yà sí Èrìn-Ìjẹ̀ṣà láàárọ̀, ká sì dé Ìkógòsì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ipele méje ni omi Olúmirin, omi tó ń já láti orí àpáta ní Èrìn-Ìjẹ̀ṣà. Ti àkọ́kọ́ ò le rárá, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Ìyá bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n ní àwọn ti dé ibi tí àwọn ń lọ. Èmi ní dandan, mo fẹ́ gòkè. Sílípáàsì ni mo sì wọ̀! Láti ibẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi lèèyàn ń dì mú, ilẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ òsì mi yẹ̀, sílípáàsì bọ́, omi gbé e lọ. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lófìfo, ìyá ti mú un dání: "Bàbá Ìbejì, ẹrù yín ti ṣáájú yín dé."

A wá forí lé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ọ̀nà yẹn lọ́ bí ejò, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Nígbà tá a kọjá ìlú, tá à ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àrámọ̀kọ, bíréèkì ni mo ń tẹ̀ ṣáá. Kò pẹ́, òórùn kan bí ìgbà tí rọ́bà ń jó gba inú ọkọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi rì wọlẹ̀ bí ìgbà tí mo tẹ fùfú. Mo já a sí jíà kìíní, mo rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi dúró. Ara mi ń gbọ̀n.

Bàbá kan tó wa ọkọ̀ pákó dúró tì wá. Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Wọ́n pariwo: "Má da omi sí i o! Irin tó gbóná báyẹn á sán. Jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀. Jíà tó o bá fi gun òkè ni kó o fi sọ̀ ọ́."

Bíi wákàtí kan la fi jókòó síbẹ̀, tá à ń jẹ mọ́ínmọ́ín ìyá. Òkè ń bẹ lẹ́yìn òkè, èyí tó jìnnà ń ṣá bí àdìrẹ tá a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, kùrukùru sì ń gun inú àfonífojì bọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Ìkógòsì, ọjọ́ kejì la tó rí ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń pàdé omi tútù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n fọ́tò ibi tí bíréèkì ti kọṣẹ́ ni ìyàwó mi fi kọ́ ara ògiri.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Èmi lọ Èrìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ́ẹ̀mejì. Lóṣù Kejì, omi ti fà, ọyẹ́ sì bo gbogbo òkè. Lóṣù Kẹsàn-án, omi ń hó bí ọjà, afinimọ̀nà ò jẹ́ ká kọjá ipele kìíní. Ìparí oṣù Kẹwàá ni n ó lọ báyìí. Tẹ́ ẹ bá sì dé Ìkógòsì, ẹ má fo Àrinta, omi mìíràn tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà, èrò ibẹ̀ ò sì pọ̀.

*

Ìdànrè ni èmi mú ìyá mi lọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Wọ́n ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí wọ́n ka 300, wọ́n jókòó, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, "Àwọn tó gbé orí òkè yìí láyé àtijọ́, tí wọ́n bá gbàgbé iyọ̀ lọ́jà ńkọ́?"