Ṣé mo lè fi awọ, okùn tàbí bàbà ṣe ìdìmú tuntun sí dúrọ́ọ̀ mi?

Abẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ iṣẹ́ igi dunjú. Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́rin àti tábìlì ìkọ̀wé kan tó ní dúrọ́ọ̀ méjì. Àwọn méjèèjì ṣì le dáadáa, wọn kò mì, ibì kankan kò sì là lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fani mọ́ra rárá: gbogbo ara wọn funfun láìsí ọ̀ṣọ́ kankan, àwọn ìdìmú ike tí a fi ń fà wọ́n sì ti pàwọ̀ dà. N kò rí ìdí tí n ó fi kó wọn dànù nígbà tó jẹ́ pé ìrísí nìkan ni àléébù wọn. Èrò mi ni pé kí n yọ àwọn ìdìmú ike náà kúrò, kí n sì fi èyí tí mo bá ṣe fúnra mi rọ́pò wọn láìná owó púpọ̀. Bẹ́líìtì awọ àtijọ́ wà nílé, okùn tó nípọn díẹ̀ wà, àjákù páìpù bàbà náà sì wà.

Mo fẹ́ mọ èyí tó lè gba fífà lójoojúmọ́ nínú wọn láìjá àti láìtú. Mo tún fẹ́ mọ ohun tí n ó ṣe sí àwọn ihò àtijọ́, nítorí pé ihò méjì-méjì ló wà lójú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo sì wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, mìlímítà 96 ni. Ṣé kí n lò wọ́n bẹ́ẹ̀, àbí kí n dí wọn, kí n lu òmíràn? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí iṣẹ́ náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ tí mo ní kò ju ẹ̀rọ ìluhò kékeré, ayùn ọwọ́, rúlà, ọ̀bẹ mímú àti sáńpépà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Oníṣẹ́ Awọ

Ẹ kú ìbéèrè. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, awọ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé irinṣẹ́ tí ẹ ní ti tó fún un, àti nítorí pé awọ kì í fi ìtìjú bo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bí ó bá fi sùúrù gé e. Ẹ kọ́kọ́ yẹ bẹ́líìtì náà wò. Ẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Bí ó bá jẹ́ awọ gidi, fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra wọn ni ẹ óò rí látòkè délẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ óò rí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, aṣọ tàbí páálí lábẹ́ rẹ̀, irú èyí yóò sì bó níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ po. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 4 ló dára jù, nítorí pé èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fà gùn bí a ti ń lò ó.

Inú mi dùn pé ihò méjì ló wà lójú dúrọ́ọ̀ yín, nítorí pé ẹ kò ní láti dí ọ̀kankan. Ẹ gé awọ náà ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 14 àti ìbú sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5, kí ẹ sì lu ihò kan sí etí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí nìyí: àlàfo tó wà láàárín ihò ara awọ gbọ́dọ̀ ju èyí tó wà láàárín ihò ara igi lọ. Bí ti igi bá jẹ́ 96, ẹ jẹ́ kí ti awọ jẹ́ 110. Mìlímítà 14 tó lé yẹn ni yóò mú kí awọ náà tẹ̀ sókè láàárín, yóò sì fi nǹkan bíi mìlímítà 20 jìnnà sí ojú igi, tí ìka yóò fi ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lu méjèèjì ní ọgbọọgba, awọ náà yóò lẹ̀ mọ́ igi pẹ́kípẹ́kí, èékánná ni ẹni tó bá fẹ́ ṣí i yóò sì máa fi wá ojú rẹ̀.

Láti lu ihò náà, ẹ fi awọ sáàárín àjákù pákó méjì, ẹ dì wọ́n mú gírígírí, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìluhò gba àárín wọn kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ihò yóò fi mọ́, tí awọ kò ní lọ́ mọ́ irin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà tó kúnná dan etí awọ náà, ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ọ, kí ẹ sì fi igi dídán tàbí aṣọ tó le fi agbára ra á títí yóò fi máa dán. Etí yìí gan-an ni ojú ọlọ́gbọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní hánrunhànrun, kò sí bí ẹ ti lè gé e tó tí kò ní dà bí àjákù bẹ́líìtì. Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí awọ náà bá ń dúdú díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án, ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí omi tàbí ọ̀rinrin ti pọ̀ nìkan ni n kò ní gbà yín níyànjú láti lo awọ, nítorí pé yóò hu èébu.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Àgbà

Ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí dúrọ́ọ̀ náà padà, kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdìmú ti ń tú, kì í ṣe iwájú. Mo ti rí ìdìmú tí wọ́n fi ohun tó lẹ́wà gan-an ṣe tó já wálẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́, kìkì nítorí pé síkúrù igi kúkúrú ni wọ́n fi kàn án láti iwájú. Ó ṣeé ṣe kí kọ́bọ́ọ̀dù funfun bíi tiyín jẹ́ pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gúlù tẹ̀ pọ̀. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kò ní fọ́nrán tí síkúrù lè di mú. Bí a bá ti ń fà á, tí a sì ń tì í, èérún náà yóò máa dà, ihò yóò máa gbòòrò, síkúrù yóò sì máa yí lásán.

Nítorí náà, bóòtù tó kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kí ẹ fi wáṣà fífẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Bóòtù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4 ló sábà máa ń wà lára ìdìmú ilé iṣẹ́, yóò sì wọ ihò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti gígùn rẹ̀, ẹ wọn pákó náà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí pákó bá jẹ́ mìlímítà 18, tí awọ jẹ́ 3 tàbí 4, tí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún wáṣà àti nọ́ọ̀tì, bóòtù mìlímítà 30 yóò tó. Àmọ́ àwọn dúrọ́ọ̀ kan wà tí pákó méjì so pọ̀ níwájú wọn, ọ̀kan jẹ́ ti àpótí fúnra rẹ̀, èkejì sì jẹ́ ojú tí a ń rí. Ti irú wọn lè gba bóòtù 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ṣóńṣó bóòtù bá yọ jù nínú dúrọ́ọ̀, ẹ fi ayùn irin gé e, kí ẹ sì fi fáìlì dan án, kí ó má baà máa fa aṣọ ya.

Nípa ti ihò, mìlímítà 96 tí ẹ wọ̀n kì í ṣe èèṣì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ohun èlò ilé yìí ń fi mìlímítà 32 àti ìlọ́po rẹ̀ ṣe ìwọ̀n àlàfo ihò wọn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to irin ẹ̀rọ tó ń lu ọ̀pọ̀ ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìdìmú fi máa ń jẹ́ 64, 96, 128 tàbí 160. Ní Amẹ́ríkà, ínǹṣì 3 ló wọ́pọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 76. Bí ẹ bá fi ihò 96 yín sílẹ̀ bó ṣe wà, ohunkóhun tí ẹ bá tún fẹ́ fi síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò bá a mu. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má dí i.

Bí ẹ bá wá pinnu pé ihò kan ṣoṣo láàárín ni ẹ fẹ́, ẹ gé ọ̀pá igi róbótó tí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò àtijọ́, ẹ fi gúlù igi kùn ún, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì gé e bá ojú pákó dọ́gba nígbà tó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n ojú funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó yẹn kò ní gba àtúnṣe láìhàn, àfi bí ẹ bá kun gbogbo rẹ̀ lọ́dà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ihò méjèèjì, kí ìdìmú sì wà lórí pákó náà. Kí ẹ tó lu ihò tuntun, ẹ gé páálí kan tó bá ojú dúrọ́ọ̀ mu, ẹ sàmì sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa gbé e láti orí dúrọ́ọ̀ kan dé òmíràn; bí ẹ bá ń fi rúlà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní bára wọn mu, ojú yóò sì rí i láti ọ̀ọ́kán. Ẹ lẹ táàpù sí ibi tí ẹ fẹ́ lu, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú èyí tó tóbi, kí ẹ sì ti àjákù igi mọ́ ẹ̀yìn pákó náà kí ó má baà fọ́ níbi tí irin bá ti yọ.

Olùfẹ́ Ọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, bàbá. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa okùn àti bàbà, nítorí pé mo rò pé a ti gbójú fo bàbà yẹn.

Okùn kò ṣòro: a óò lu ihò, a óò fi okùn bọ̀ ọ́, a óò sì ta kókó sí i nínú dúrọ́ọ̀. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ìdọ̀tí mọ́ra, kókó náà sì máa ń gba àyè nínú. Dúrọ́ọ̀ tí a kì í ṣí lójoojúmọ́ ni mo máa fi í sí. Bí ó bá jẹ́ okùn ọ̀rá, ẹ fi iná díẹ̀ kan etí rẹ̀ kí ó má baà tú.

Ti bàbà ni mo fẹ́ràn jù. Bí páìpù yín bá jẹ́ mìlímítà 15 ní ìbú, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 14, ẹ fi sáńpépà dan etí rẹ̀ méjèèjì títí kò fi ní lè gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Dípò kí ẹ lu páìpù náà, ẹ gé awọ pẹlẹbẹ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi wọ́n yí páìpù ká, kí ẹ pa etí awọ pọ̀, kí ẹ sì fi bóòtù gba inú etí méjèèjì wọ ihò 96 yín. Bóòtù ibí yìí yóò gùn díẹ̀ ju 30 lọ, nítorí pé awọ ti di ìlọ́po méjì. Ẹ lu ihò awọ náà kí ó sún mọ́ páìpù, kí awọ lè fún un mọ́ra, kí páìpù má baà máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi fínígà àti iyọ̀ díẹ̀ fọ bàbà náà, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ kùn ún ní kíá, nítorí pé bàbà tí a kò kùn yóò ṣú lábẹ́ ọwọ́. Ẹlòmíràn fẹ́ràn kí ó ṣú bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn ìfẹ́ inú ni.

Ẹ kò dárúkọ ìdìmú roboto tí a fi igi ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ má ṣe gé e láti ara ọ̀pá igi róbótó kí ẹ sì kan síkúrù sí i láti ẹ̀yìn. Síkúrù tó bá wọlé ní ibi tí fọ́nrán igi dorí kọ kì í dúró. Láàárín fọ́nrán ni yóò ti máa yọ̀. Ara pákó ni kí ẹ ti gé e, kí síkúrù lè dábùú fọ́nrán.

Ní ti ìrísí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ohun kan náà fún gbogbo dúrọ́ọ̀ inú yàrá kan. Awọ aláwọ̀ ilẹ̀ lórí funfun yóò lẹ́wà gan-an, bí bàbà bá sì bá a rìn, kí ẹ má tún fi okùn kún un.

Abẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run yóò máa fún yín lókun. Mo ti gé etí bẹ́líìtì náà, awọ gidi ni. Awọ nìkan ni n ó lò fún tábìlì, bàbà àti awọ ni yóò sì wà lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo tú ìdìmú ike kan, mo rí i pé ihò kan nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ti gbòòrò, èérún igi sì ń dà nínú rẹ̀. Ṣé ó ṣì ṣeé lò?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Àgbà

Ó ṣeé lò, àbúrò mi. Ẹ gbọn èérún tó ti tú náà dànù, ẹ tú gúlù igi sínú ihò náà kí ó rin ara pákó, ẹ ti ọ̀pá igi róbótó tó bá a mu wọlé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lu ihò mìíràn láàárín ọ̀pá náà. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀, dípò wáṣà méjì, ẹ gé pákó pẹlẹbẹ kan tàbí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn dé ihò méjèèjì, kí bóòtù méjèèjì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà náà, agbára tí ẹ fi ń fà á yóò pín sí ara pákó tó fẹ̀, kò ní dá lé ojú kan ṣoṣo.

Ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì dè é, kí ọ̀kan ti èkejì, kí wọ́n má baà tú. Ẹ má sì fún un jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí orí bóòtù má baà jẹ awọ wọ inú. Awọ máa ń fún pọ̀ lábẹ́ orí bóòtù bí ọjọ́ ti ń lọ, nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún padà lọ fún gbogbo rẹ̀ díẹ̀ sí i.