Kí ni ó ń yí padà nínú awọ ilé-ọmọ lóṣooṣù?

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Olùkọ́ wa ní DNA kan náà ni ó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì obìnrin, síbẹ̀ awọ inú ilé-ọmọ a máa pa ìwà dà lóṣooṣù láti gba oyún. Kí wá ni ó ń yí padà? Kí ló sì dé tí àwọn mìíràn tí progesterone wọn (họ́mónù tí ń múra ilé-ọmọ sílẹ̀ fún oyún) pé fi ń wá oyún tì?

Ará Ilé-Àyẹ̀wò:
Àwọn àmì kẹ́míkà tí ó wà lára DNA, àti lára histone, ìyẹn purotéènì tí DNA wé mọ́, ni ó ń yí padà. Ẹ wo jíìnì prolactin àti ti IGFBP1, èròjà méjì tí awọ náà máa ń ṣe bí ó bá ń múra sílẹ̀ fún oyún: kí ẹyin tó jáde, ènsáìmù EZH2 a máa lẹ methyl, ọ̀kan nínú àwọn àmì kẹ́míkà náà, mọ́ histone níbẹ̀, jíìnì náà a sì panu mọ́. Nígbà tí progesterone bá gòkè, EZH2 a dínkù, methyl a kúrò, acetyl, àmì tí ń jẹ́ kí jíìnì ṣiṣẹ́, a rọ́pò rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ inú awọ náà a sì wú rìbìtì, wọn a máa tú prolactin jáde. Ara ènìyàn kì í dúró de ọlẹ̀ kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Ti eku kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọlẹ̀ ni ó máa ń ta á jí. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í balẹ̀ bí wọ́n bá kàn gbé àbájáde eku lé obìnrin lórí.

Agbẹ̀bí Àgbà:
Ní ti ìbéèrè kejì, kì í ṣe kí họ́mónù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, awọ náà gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohun tí ó ń wí. Lára àwọn tí ó ní endometriosis (àìsàn tí ohun tí ó jọ awọ ilé-ọmọ fi ń hù sí ìta ilé-ọmọ), àwọn olùwádìí ti rí methyl tí ó pọ̀ jù lórí jíìnì HOXA10 àti lórí jíìnì PR-B tí ń gba iṣẹ́ progesterone. HOXA10 yìí ni ó yẹ kí ó gbéra sókè ní nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 24 nínú àyípo nǹkan oṣù ọlọ́jọ́ 28, nígbà tí ilé-ọmọ ṣetán láti gba ọlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun gan-an. Ǹjẹ́ oògùn lè nu irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò?

Ará Ilé-Àyẹ̀wò:
Nínú àwo ilé-àyẹ̀wò, oògùn tí kì í jẹ́ kí acetyl kúrò lára histone ti ran àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lọ́wọ́ láti yí padà. Àmọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé-ọmọ yàtọ̀ sí ẹ̀yà ara mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni valproate tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá, ó sì lè ba ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún jẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń tà á fún yín gẹ́gẹ́ bí oògùn ìlóyún, ẹ má rà á.