Ilé àtijọ́ nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo: kí ni mo gbọ́dọ̀ wádìí kí n tó san owó?

Ìyá Aládìrẹ:

Mo kí gbogbo yín o. Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà, ìsọ̀ mi kò sì jìnnà sí Ọjà Ọba. Inú yàrá méjì tí mo háyà ní Òkè-Bálẹ̀ ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń lọ sọ́jà tí mo fi ń bọ̀. Ní báyìí tí àwọn ọmọ ti tó ara wọn gbọ́, mo fẹ́ kúrò nílé onílé. Ajẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ la àárín kọjá títí dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí kànga wà. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà níwájú rẹ̀. Páánù rẹ̀ ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n òpó iwájú rẹ̀ àti òdòdó tí àwọn bíríkìlà ìgbà náà fi sìmẹ́ǹtì yọ sókè fèrèsé wù mí púpọ̀.

Ọkùnrin tó ń tà á ní bàbá òun tó ti di olóògbé ló kọ́ ọ. Rìsíìtì owó-orí ilé kan tí wọ́n san fún káńsù, tí ó ti pọ́n, ni ìwé kan ṣoṣo tó fi hàn mí. Àwọn ọmọ mi ń sọ pé kí n fi owó náà ra ilẹ̀ ní ọ̀nà Òkínní kí n sì kọ́ ilé tuntun, nítorí pé ariwo àárín ìlú ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń dàgbà. Èmi kò fẹ́ lọ máa gbé níbi tí n kò ti ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n béèrè, ọwọ́ ta sì ni kí n ti béèrè rẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ìyá wa. Inú agbo ilé ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí a ti jíròrò títa ilé rí. Pé bàbá ọkùnrin yẹn ló kọ́ ilé náà kò sọ ilé di tirẹ̀. Bí bàbá náà kò bá kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ tó bí, tọkùnrin tobìnrin, láti ọjọ́ tó ti kú, dáwódù sì ni olórí wọn, tó ń bá wọn mójú tó o ṣùgbọ́n tí kò lè dá a jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ìyàwó tí bàbá náà fẹ́. Ó lè dà bí àfojúdi, ṣùgbọ́n òun ni ìbéèrè tó ń tú àṣírí jáde jù, nítorí pé ìdí-igi ni ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá fi ń pín ogún: àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ọmọ kan tàbí ọmọ méje, ni wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀ka kan. Àwọn mìíràn ń lo orí-ó-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu gbéra láti Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìdí-igi sì ni àwọn adájọ́ gbà pé ó jẹ́ àṣà tó gbilẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé yín.

Ẹni tó bá ta ilé ẹbí tún ní ìyàtọ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹ̀ka létí, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n ní kí a fagi lé títà náà, pàápàá bí wọ́n bá tètè dìde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìjẹ́ kí olórí ẹbí lọ́wọ́ sí i, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ láti 1959. Nítorí náà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wà lókè òkun, pé ó ti fọwọ́ sí i lórí fóònù.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí gbogbo yàrá fún yín, kí ẹ sì béèrè sàréè. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, inú yàrá tàbí ojúde ni wọ́n máa ń sin àwọn àgbà sí; mo mọ ilé kan tí wọ́n lẹ táìlì bo sàréè bàbá àgbà wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ayálégbé wá to àpò ìrẹsì ọjà rẹ̀ lé e lórí. Kí àgírímẹ́ǹtì sọ ní kedere bóyá wọn yóò hú òkú náà lọ sí ibòmíràn, tàbí wọn yóò máa wá ṣe àdúrà nílé yín lọ́dọọdún. Yàrá ẹ̀yìn náà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin ilé kan tó dálémosú máa gbé ibẹ̀, ẹbí rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wá ibùgbé fún un kí ẹ tó san owó parí, kì í ṣe ẹ̀yin.

Awọnlẹ̀:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé tí kò bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, kò ṣeé rà, ṣùgbọ́n fún ilé àárín ìlú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, abala 34 rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó ti ní ilẹ̀ tí a kọ́lé sí nínú ìlú kí òfin náà tó dé yóò máa bá a lọ bí ẹni tí gómìnà ti fún ní àṣẹ. Nítorí náà, rìsíìtì tó pọ́n yẹn lè wúlò bí ọdún tó wà lára rẹ̀ bá ṣáájú 1978, kì í ṣe pé ó fi hàn pé ọkùnrin náà ló nilé, bí kò ṣe pé ilé ti wà níbẹ̀. Síbẹ̀, títa irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìfọwọ́sí gómìnà, títà tí kò bá sì ní in kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín.

Ẹ gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó wọn ilẹ̀ náà lójú àwọn aládùúgbò ọ̀tún àti òsì, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ilé àtijọ́ kì í fi àyè sílẹ̀ níwájú. Omi òjò orí páánù wọn ń dà sínú gọ́tà títì gan-an, ibẹ̀ sì ni ìfẹ̀sí ọ̀nà ti ń kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lára ògiri iwájú nígbà tí ìyókù ti ṣá, ẹ fi èékánná ha ọ̀dà náà, kí ẹ wò ó bóyá àmì X pupa tí ìjọba fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà:

Ilé fúnra rẹ̀ ni tèmi. Iṣẹ́ ọnà tí Ìyá wa rí lára òpó yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ló ti wá; owó kòkó àti ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907 wà lára ohun tó bá a tàn wá sí ìhín. Ilé tí Àdùnní Olóríṣà, ìyẹn Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó di olórìṣà Ọ̀ṣun, gbé ní òpópónà Ìbòkun títí ó fi kú ní 2009 jẹ́ irú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa tan yín pé amọ̀ kò lálòpẹ́.

Omi ló ń pa ilé amọ̀. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, kì í ṣe nínú ọyẹ́. Ẹ fi ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí. Bí ó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò lára amọ̀, omi sì ti ráyè wọ àárín wọn. Bí ẹ bá tún fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ láìtún páánù àti gọ́tà ṣe, ẹ kàn sé omi náà mọ́ inú ni. Ẹ wo igi àjà fún ikán, ẹ wo bí kànga ti jìnnà sí ṣáláńgá tó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kọnkéré lé irú ògiri bẹ́ẹ̀ lórí, bí ó ti wù kó dá ara rẹ̀ lójú tó.

Ará Òpópónà Ìbòkun:

Ìyá wa, ariwo wà, n kò ní purọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ń dún kí ilẹ̀ tó mọ́, ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì ń dún ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, jẹnẹrétọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì wà láàárín méjèèjì. Àwọn ọmọ yín kò ní rí ibi gbé mọ́tò sí. Ní oṣù August, lọ́jọ́ Ìwọ́pópó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, tí Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti èrò bá ń rìn lọ sí Gbáẹ̀mu, ẹni tó bá ní mọ́tò nínú ilé yóò jókòó tì í ni. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn kan náà ni àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun, títí kan àwọn tó ń bọ̀ láti Brazil, ń wá yàrá kiri, ó sì rọrùn láti fi yàrá òkè pawó.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ̀yin máa gbé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi òkè sílẹ̀ fún ayálégbé, nítorí àtẹ̀gùn ilé wọ̀nyẹn ga gan-an. Ní Òkínní, ẹ óò rí àyè àti afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ni yóò máa gbé yín lọ ra oògùn lálẹ́.

Ìyá Aládìrẹ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo béèrè iye ìyàwó, ojú ọkùnrin náà sì yí padà. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọmọ ìyàwó kẹta ni òun, dáwódù ń gbé ní Ìlobùú, ẹ̀ka kan sì wà ní Ìbàdàn. Ó ní òun yóò pè wọ́n, àmọ́ kí n san díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gba ilé náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n san án?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ wá agbẹjọ́rò tiyín, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ǹtì mú wá, kó kọ̀wé pe dáwódù àti àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí ìpàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà gan-an, ní ọ̀sán, kí àwọn ayálégbé àti àwọn ará òdìkejì lè rí ẹni tó wọlé. Bí wọ́n bá gbà láti tà á, báńkì ni kí owó gbà lọ, sí àpò tí gbogbo ẹ̀ka bá fẹnu kò lé lórí, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí rìsíìtì kan ṣoṣo. Bí dáwódù bá sì ní òun kò rówó ọkọ̀ láti Ìlobùú, ẹ san ìyẹn fún un.