Bí a ṣe ń ṣe CPR (títẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró àti fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu) fún àgbàlagbà, ọmọdé àti ọmọ ọwọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Níbi iṣẹ́ ìtọ́jú tí mò ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ wa pé bí ó bá jẹ́ ọmọdé, kí a kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu nígbà 5 kí a tó tẹ àyà rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní àyà ni wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà 30, kí àwọn tó fẹ́ afẹ́fẹ́ 2. Èwo ni kí a mú?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì: Kò sí èyí tó ṣìnà nínú ẹ̀yin méjèèjì, Ìyá Ìbejì. Ìlànà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀, èyí tí ọwọ́ yín ti mọ́ ni kí ẹ ṣe. Ohun tí ìlànà méjèèjì fẹnu kò sí ni pé ọmọdé nílò afẹ́fẹ́. Bí ọkàn ọmọdé bá dúró, èémí rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dúró, bóyá omi ló gbé e, bóyá oúnjẹ ló há a lọ́fun, tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti tán. Ní ti àgbàlagbà tó ṣubú lójijì, ọkàn fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń daṣẹ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí títẹ àyà nìkan fi lè ràn án lọ́wọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá mọ ẹnu-sí-ẹnu ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹ gbá àgbàlagbà léjìká, kí ẹ sì pè é sókè. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ ti gbá ọmọ ọwọ́, ẹ má ṣe mì ín jìgìjìgì láé. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbéra, ẹ má sì wò ó ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ṣì lè máa yanu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹja tí a fà jáde nínú omi, pẹ̀lú ìró bí ẹni tó ń hanrun, àwọn tó yí i ká á sì ní ó ṣì ń mí. Èémí kọ́ nìyẹn o. Ẹ pe 999, 911 tàbí 112 gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ wà, kí ẹ fi fóònù sí sípíkà, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nítorí ẹni tó bá dáhùn yóò máa darí yín.

Orí ilẹ̀ líle ni kí ẹ tẹ́ àgbàlagbà sí. Bí ó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, fóòmù ni yóò máa rì, kì í ṣe àyà. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà, ní apá ìsàlẹ̀ egungun tó wà níbẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá gbọnrangandan, kí ẹ sì fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́. Kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó má ju 6 lọ, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn 30, ẹ dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ nígbà 2 títí àyà yóò fi gbéra, kí ẹ sì padà sí títẹ̀ kíákíá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ ọmọlangidi ìdánrawò, mo rò pé mo ń ṣe é dáadáa. Ó yẹ kí ó máa dún káká bí a bá tẹ̀ ẹ́ jìn tó, ṣùgbọ́n tèmi kò dún rárá: àánú ló ń di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí mo wá gbé gbogbo ara lé e tí ó ń dún, olùkọ́ fi ìka méjì gbé ọrùn ọwọ́ mi sókè díẹ̀, ó ní n kò jẹ́ kí àyà padà sípò. Ìgbà tí àyà bá gbéra padà ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè wọ inú ọkàn, kí ìtẹ̀ tó kàn tó tì í lọ sí ọpọlọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jìn, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ pátápátá láì ṣí ọwọ́ kúrò lójú ibẹ̀.

Fún ọmọ tó ti pé ọdún 1, ọwọ́ kan lè tó; bí kò bá jìn tó, ẹ fi méjì tẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn àyà rẹ̀ ni kí ó wọlé, bí sẹ̀ǹtímítà 5. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí àyà rẹ̀ ká, kí àtàǹpàkò méjèèjì wà lórí egungun àárín àyà, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ìlà orí ọmú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bí sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ má ṣe dá orí rẹ̀ sẹ́yìn bíi ti àgbàlagbà. Kí ojú rẹ̀ kàn wo òkè ni. Kí ẹnu yín bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nìkan sì ti tó o.

Àbúrò Kékeré: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Bí egungun ìhà bá wá kán lábẹ́ ọwọ́ ẹni ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì: Ó lè kán, àbúrò mi, pàápàá lára àgbàlagbà. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ṣì wà ní àárín, kí ẹ sì máa bá a lọ, nítorí egungun yóò jiná, ọpọlọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ AED dé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná mú ọkàn padà sí ìlù rẹ̀, ẹ tàn án lójú ẹsẹ̀, ohun tó bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá sì tó méjì, ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín ní ìṣẹ́jú 2 ìṣẹ́jú 2, nítorí ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í jìn mọ́, kí ẹni tó fẹ́ gbà á sì ti kúnlẹ̀ ní òdìkejì kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ọwọ́ kúrò.