Gẹ̀ẹ́sì okòwò fún àgbàlagbà: ṣé gírámà ni kó ṣáájú?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì okòwò bí ọmọdé ṣe ń gbọ́ èdè abínibí, láìkọ́kọ́ há òfin gírámà sórí?

Èsì kìíní: Ó ṣeé ṣe. Àlàyé Stephen Krashen, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń kọ́ èdè, ni pé èdè ń wọlé nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn, tó kàn fi díẹ̀ ga ju ohun tó ti mọ̀ lọ. Nítorí náà, lẹ́tà iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gan-an ni mo fi ń kọ́ wọn, n kì í sì í fipá mú wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Èsì kejì: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ̀wé àdéhùn lọ́la kò lè dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣàlàyé òfin fún un ní ṣókí.