Ṣé kí n yọ irin kan kúrò nínú sípíríǹgì ẹ̀yìn pickup mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òṣogbo ni mo wà, pickup ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa lọ́nà Ìlobù, ọ̀nà oko yẹn ò dáa rárá, kòtò lórí kòtò ni. Tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, mọ́tò á máa rìn jẹ́jẹ́, àmọ́ tó bá ti ṣófo báyìí ẹ̀yìn ẹ̀ á kàn máa ta sókè ni, màmá mi tí mo máa ń gbé lọ oko ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, ìyẹn gan-an ló ká mi lára jù.

Irin pẹlẹbẹ 5 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì mi ní ká yọ 1, pé á rọ̀. Òótọ́ ni, á rọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tó lè gbé á dín kù, ẹ̀yìn á sì wálẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn tó kù má lọ ṣẹ́ sọ́nà. Ẹlòmíì ní ìpẹtà ló jẹ́ káwọn irin yẹn há mọ́ra, wọn ò lè yọ̀ lórí ara wọn mọ́, pé ká tú u, ká ha á, ká fi gírísì sí i, ká pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà ní orí sípíríǹgì níbi tó ti so mọ́ mọ́tò. Tiẹ̀ ló wọ̀ mí létí jù.

Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́, ṣé òun náà lè fà á? Àbí kí n kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù díẹ̀ nígbà tí ò bá sẹ́rù? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ èwo lẹ kọ́kọ́ ṣe?