Ríìmù alóì mi fọ́ bí àwo nínú kòtò: kí n wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni, àbí kí n ra òmíràn?

Bàbá Ìbejì, Tákìé: Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo wà lórí 80, ni mo bá já sínú kòtò kan tí omi òjò ti bò mọ́lẹ̀. Gbàà! Mo rò pé táyà ló bẹ́. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí i pé ẹnu ríìmù iwájú lápá òsì ti já, ègé kan tó gùn tó ìka mi wà lójú títì. Kò tẹ̀ rárá. Fífọ́ ló fọ́, bí ìgbà tí àwo tánganran bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ríìmù irin ni sìpíà mi. Mo ti fi já sí kòtò tó jìn ju ìyẹn lọ rí, títẹ̀ ló tẹ̀, wọ́n fi òòlù nà án, mo ń lò ó lọ. Kí ló dé tó jẹ́ èyí tó wọ́n ló fọ́? Fọkanáísà mi ní kí n mú ègé yẹn wá, òun mọ ẹni tó máa wẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìyàwó mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Kí ni kí n ṣe?

Dírẹ́bà Àgbà: Ẹ kú ewu o, ọpẹ́ ni pé ẹ dé ilé. Ẹ bọ́ gbogbo alóì yẹn dànù, irin nìkan ni ọ̀nà yẹn gbà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é ò lágbára, ẹwà lásán ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G: Bọ̀dá dírẹ́bà, ẹ má bínú sí mi. Agolo mọ́ọ̀tì, alumíníọ̀mù ni. Ẹ fi ọwọ́ rún un, á rún wómúwómú, kò ní fọ́. Kì í ṣe pé alumíníọ̀mù ò mọ títẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é ló yàtọ̀. Ti agolo, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á títí ó fi fẹ́lẹ́. Ríìmù Bàbá Ìbejì, ó dájú pé ṣe ni wọ́n yọ́ ọ tí wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù. Kó lè ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n máa ń fi sílíkọ́ọ̀nì, èròjà kan tó wà nínú yanrìn, sí i, bí ìdá 7 nínú 100. Sílíkọ́ọ̀nì yẹn á wà nínú rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú ìrẹsì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, tàbí nínú ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ há sí.

Eré náà dá kún un. Ní 80, ọkọ̀ ń rin mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kòtò tó fẹ̀ tó ààbọ̀ mítà, kí ẹ tó ṣẹ́jú ẹ ti kọjá rẹ̀. Irin ní ìwà kan: bí gbígbá náà bá ṣe yá tó ló ṣe ń le tó kó tó gbà láti tẹ̀, tó bá sì gbà, á ṣì na jìnnà kó tó já. Alumíníọ̀mù ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìwà yẹn. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, ẹ gbá a lójijì o, agbára rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èyí tí wọ́n dà kò tún ní àyè láti na.

Tìténíọ̀mù, irin míì tó fúyẹ́, ni tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ní kíláàsì. Ooru kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Bí nǹkan bá gbá a kíákíá, ooru á kó jọ sójú ìlà tín-ín-rín kan, ibẹ̀ á rọ̀, gbogbo títẹ̀ á sá wá síbẹ̀, á sì já bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò: wọ́n á fi ègé kékeré sáàárín ọ̀pá gígùn méjì, wọ́n á ta ọ̀pá kẹta lu ìdí ọ̀kan, ìgbì tó bá gba inú wọn kọjá ló máa sọ bí ègé náà ṣe ṣe. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hopkinson ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1914, onímọ̀ míì, Kolsky, ló sọ ọ̀pá di méjì ní 1949.

Dírẹ́bà Àgbà: Àbúrò, kòtò là ń sọ, o ti gbé wa dé ibi ìdánwò 😂

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G: 😂 Ẹwà lásán yẹn náà ni wọ́n fi ń bo ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfurufú o. Pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á dúró níwájú ògiri ọkọ̀. Òkúta kékeré tó bá fi eré bíi kìlómítà 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wá á fọ́ túútúú lára rẹ̀, ìyókù á tàn káàkiri kó tó kan ògiri. Fred Whipple ará Amẹ́ríkà ló mú àbá yẹn wá.

Wẹ́dà Sábó: Owó ni mo máa gbà tí ẹ bá gbé e wá, àmọ́ mi ò ní wẹ́ẹ̀dì ẹnu ríìmù tó já. Irin á pọ́n kó tó yọ́, á kìlọ̀ fún ẹ. Alumíníọ̀mù ò ní pọ́n, tí ooru bá dé 660 dígírì, ó ti di omi. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fi ọṣẹ pa á lára kí wọ́n tó fi iná sí i; tí ọṣẹ bá ti dúdú, ó ti rọ̀ tó fún òòlù nìyẹn. Rírọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. Níbi tí wọ́n ti ṣe ríìmù, wọ́n sè é nínú iná, wọ́n rì í sómi, wọ́n tún fi iná díẹ̀ mú un kó lè le. Bí iná tèmi bá ti kàn án, itòsí ibẹ̀ á sọ líle yẹn nù. Ojú wẹ́ẹ̀dì lè dúró digbí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa já.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ yí ríìmù yẹn padà, ẹ wo inú rẹ̀. Ṣé wọn ò tíì wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rí?

Bàbá Ìbejì, Tákìé: Háà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán. Ojú wẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ibi tó já sí kò jìnnà sí i ju àtàǹpàkò kan lọ.

Wẹ́dà Sábó: Mo mọ̀.

Ìyá Oníkòkò: Èmi ò mọ ìwé, àmọ́ mò ń ta ìkòkò. Àwọn tó nípọn tí wọ́n ń dà ní Ṣakí, tó bá bọ́ sórí kọnkéré, etí rẹ̀ lè já pátá. Páànù fẹ́lẹ́ tó bá bọ́ síbẹ̀ kan náà, á kàn jìn wọnú ni. Oníbàárà á wá máa bá mi jà pé èyí tó nípọn ló yẹ kó pẹ́. Bàbá Ìbejì, ẹ má jù ú nù o, àwọn tó ń yọ́ ọ fún ìkòkò máa rà á lọ́wọ́ yín.

Fọkanáísà Arówómọlé: Ẹ lu àwọn mẹ́ta tó kù wò láìsí táyà lára wọn. Tó bá dún gbọnrangandan, ó ṣeé ṣe kó dáa. Tó bá dún kọ̀bọ̀, ó lè ti sán. Dídún nìkan ò tó o, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wá ojú sísán. Kẹ́ ẹ sì wo gééjì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹnu ríìmù ló máa ń jẹ ìyà kòtò.

Bàbá Ìbejì, Tákìé: Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò sí wẹ́ẹ̀dì mọ́. Màá wá ríìmù irin mẹ́ta kún sìpíà, ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín.

Dírẹ́bà Àgbà: Ẹ béèrè nọ́ọ̀tì pẹ̀lú o. Nọ́ọ̀tì alóì míì kì í jókòó dáadáa sínú ihò ríìmù irin, ẹ lè rò pé ó ti le tán kó máa tú lójú ọ̀nà.

Bàbá Ìbejì, Tákìé: Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí nọ́ọ̀tì 16 rà láàárọ̀ ọ̀la?